Ẹ̀yìn Ọwọ́ Aláta

Ìtàn ni mo ń kà sí àwọn ọmọ kíláàsì kejì létí ní ọjọ́ tí ẹnu mi kọ́kọ́ há. Mo dé ibi tí ọdẹ inú ìtàn náà ti pariwo pe ajá rẹ̀, mo sì ya ẹnu gbàgà láti bá a pariwo, nítorí èmi kì í ka ìtàn bí ẹni ń ka ìwé ìkìlọ̀ ìjọba. Nǹkan kan dún "kó" lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì mi, ẹnu mi sì dúró síbẹ̀. Kò ṣe é pa dé, kò ṣe é yà sí i. Àwọn ọmọ rò pé ara eré náà ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo dúró níwájú wọn, mo lanu sílẹ̀ bí ẹja orí àtẹ, itọ́ ń kán sí mi láyà. Ìgbà tí wọ́n rí omi lójú mi ni wọ́n tó dákẹ́.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti àgbọ̀n mi títí ó fi padà sáyè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹnu mi kò là ju kí ìka kan wọ̀ ọ́ lọ. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á gba àárín eyín jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ àṣírí.

Iléèwé aládàáni kan ní Ìkòsì ni mo ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Ìjọba ti fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì kí n tó débẹ̀. Ọ̀gá iléèwé náà, obìnrin tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó ní kí n lọ sinmi. Ó ní bí ẹnu mi bá ti là nígbà tí àwọn ọmọ bá wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi àárín táàmù, kí n máa bọ̀. Bí kò bá là, òun á wá ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí kò lè la ẹnu kò lè kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ìsinmi ló yẹ àgbà. Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ìsinmi ni mo ń wá kiri, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ gan-an ni wàhálà.

Kì í ṣe owó oṣù ló ń bà mí lẹ́rù. Kíláàsì yẹn nìkan ni ibi tí mo ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún méjì ó lé. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí wà ní Kánádà. Bí ó bá jí, mo ti ń tòògbé, bí mo bá jí, ó ti sùn, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan la máa ń rí ara wa bá sọ̀rọ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé ní Kétu. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ Furaidé, ó lè di àárọ̀ Mọ́ńdè kí n tó tún gbọ́ ohùn ara mi, àfi tí mo bá ń bá rédíò jà. Mo máa ń bá rédíò jà dáadáa, àmọ́ rédíò kì í dá ni lóhùn. Bí wọ́n bá gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi, mo mọ bí ayé mi ṣe máa rí.

Oúnjẹ di ìyà. Mo ń mu ògì, mo ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Mo fi ẹran sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tèmi yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ohun tó ń dùn mí pọ̀ sí. Ìyá onílé ní eyín ni, kí n lọ yọ ọ́. Ọkùnrin kẹ́mísìtì náà ní eyín ni, ó ta oògùn eyín fún mi, mo lò ó tán, eyín kò mọ ohun tí mò ń wí. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa fún mi ní ìpara inú agolo kékeré kan tó fi ń pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá onílé tún gbé òrí wá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní èyí tó dà bí omi, tó tutù bíi yìnyín. Mo pa gbogbo wọn. Òórùn mi ń ṣíwájú mi wọlé, ológbò ìyá onílé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún mi. Ara á tù mí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ìrora á padà wá jókòó sí àyè rẹ̀ bí onílé tó kàn lọ kí ará àdúgbò.

Ìpara ẹ̀yìn, ènìyàn á wá ẹni tí yóò bá òun pa á. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ ẹni tó o. Mo máa ń jókòó síwájú dígí, mo máa ń fi ìka méjì rà á yípo yípo, mo sì máa ń ronú pé ì bá dára kí ó jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn mí, bóyá ǹ bá rí ìdí kan láti kan ilẹ̀kùn ẹnìkan.

Ọkùnrin kẹ́mísìtì ló wá ní kí n máa fi aṣọ rírẹ sínú omi gbígbóná lé e. Èyí ló fa wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ata gbígbẹ ni ìyàwó mi ń tà ní Mile 12, irú èyí tí ọkọ̀ ńlá ń kó wá láti òkè Ọya nínú àpò. Ìborùn aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń so mọ́ ìdí ní ìsọ̀, tó fi ń nu ọwọ́, tó fi ń nu òógùn. Láti ìsọ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dúbúlẹ̀, kò sì padà wálé. Wọ́n fún mi ní ìborùn náà nínú ọ̀rá dúdú. N kò fọ̀ ọ́. Mo so ọ̀rá náà pa, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì wà.

Òun ni mo gbé sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Mo sọ fún ara mi pé nínú gbogbo aṣọ ilé, òun ló fẹ́lẹ́ jù. Irọ́ ni, tówẹ̀lì mẹ́ta wà nínú ilé. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ kàn mí lójú ni.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo fún un, mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó dára, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nítorí òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú mi lóòótọ́. Ata ọdún méjì ti jí nínú aṣọ. Ojú mi gbaná, imú mi gbaná, ọwọ́ tí mo fi fún aṣọ náà gbaná. Mo sáré bu omi bọ́jú, ó burú sí i. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ńṣe ló tàn dé ọrùn. Mo ń jó kiri nínú yàrá bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ, kí n tó rántí pé omi kọ́ ni aláta fi ń fọ ata. Epo ni. Ojoojúmọ́ tí a fi gbé pọ̀ ni mo rí i tó ń fi epo pupa ra ọwọ́ méjèèjì kí ó tó mú ọṣẹ. Mo wọ ilé ìdáná, kò sí epo. Ẹni tó ń mu ògì kí ni yóò fi epo ṣe?

Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá onílé, mo ní kí ó bùn mí ní epo pupa. Ó bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè. Mo ní rárá o, ojú ni mo fẹ́ fi pa. Ó wò mí títí, ó rọra bu epo sínú abọ́ fún mi bí ẹni tí kò fẹ́ mú alágànná bínú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kun ojú àti ọrùn, mo wá rí bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo. Àwọn tó ń kọjá kí mi, mo dá wọn lóhùn. Ìgbà tí iná náà rọlẹ̀, mo yán, ẹnu mi sì là. Mo fi ìka wò ó. Ìka méjì wọlé.

N kò mọ ohun tí mo máa rò sí i. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo gbọ̀nà ọsibítù ìjọba lọ, sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà tó rí mi, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi. Ó fi ìka sí iwájú etí mi méjèèjì, ó ní kí n la ẹnu, kí n pa á dé, kí n gbé àgbọ̀n sọ́tùn-ún, kí n gbé e sósì. Ó tẹ ẹ̀bátí mi, mo fò. Ó ní eyín mi kò ṣe nǹkan kan, oríkèé tó so àgbọ̀n mọ́ orí ló ń ṣe mí, pé àwọn iṣan tó yí i ká ti ṣiṣẹ́ ju agbára wọn lọ. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan.

"Dádì, ṣé ẹ máa ń payínkeke tí ẹ bá sùn?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹni tó ń sùn ò lè mọ̀ náà. Ẹ bá mi bi Mọ́mì nílé, wọ́n á ti máa gbọ́ ọ."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú fáìlì, kò rí ojú mi. Mo jókòó sórí àga tó ń gbé ni sókè sílẹ̀ yẹn, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mo sì rántí ẹ̀kúrọ́.

Ìyàwó mi ló máa ń sọ pé mo ń jẹ ẹ̀kúrọ́ lójú oorun. Ó ní ariwo rẹ̀ ń jí òun, ró-ró-ró, bí ẹni tó jókòó ti igbá ẹ̀kúrọ́ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun jẹ níbẹ̀. Ó ní òun á fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́, òun á ní, "Ẹ̀kúrọ́ yẹn ti tán, Tíṣà. Ẹ sùn." Àgbọ̀n mi á sì sọ̀. Tíṣà ló pè mí lọ́jọ́ tí a pàdé, Tíṣà náà ló pè mí kú. Tílẹ̀ bá mọ́, mo máa ń bá a jiyàn pé irọ́ ló ń pa, pé ọmọlúwàbí kì í jẹ nǹkan lójú oorun. Ooru díẹ̀ máa ń wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi tí mo bá jí, ìrọ̀rí ni mo rò pé ó fà á. A ṣe èyí fún ọgbọ̀n ọdún. Láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ẹ̀kúrọ́ ti tán, mo sì ti ń jẹ ẹ́ láti alẹ́ mọ́júmọ́.

Mo sọ fún dókítà náà pé mo máa ń payínkeke, pé ẹni tó gbọ́ ọ ti kú. Ó fi báírò sílẹ̀, ó bẹ̀ mí. Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀.

Ó ní wọ́n máa mọ ike kan tí n ó máa fi bo eyín sùn, pé ó máa gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kó tó dé, kí n máa jẹ ohun tó rọ̀, kí n má ya ẹnu gbàgà mọ́, kí n sì máa fi ìpara kan pa ojú oríkèé náà. Ó ní kí n má bẹ̀rù o, ata ni wọ́n fi ṣe ìpara náà, ó máa ta mí ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá yá ibẹ̀ á dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí ẹnu mi gbà mí láàyè, mo sì ròyìn ìborùn fún un. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní kí n fọ aṣọ yẹn, kí n má gbé e sójú mọ́. Ó ní ti ilé oògùn ní ìwọ̀n, ti inú aṣọ kò ní. Ó sì kìlọ̀ fún mi kí n fọ ọwọ́ dáadáa, kí n má fi kan ojú.

Mo ra ìpara náà ní Ọjọ́ta. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó. Ojú ń yún mi, mo fi ọwọ́ nù ún. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ọkọ aláta! Ojú náà wú títí di ọjọ́ kejì. Mo wo dígí, mo bú ara mi bí mo ṣe ń bú rédíò, mo wọ bàtà, mo lọ sí Mile 12 lọ bá ẹni tó mọ ata.

N kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi. Àlàájà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni mo lọ bá. Àwọn àpò ata ti gba ibi tí àpótí ìjókòó ìyàwó mi máa ń wà, mo sì wo ibòmíràn. Àlàájà fún mi ní ìjókòó, ó ní mi ò yà sọ́dọ̀ àwọn mọ́. Mo ní ẹnu ń dùn mí. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá sí ọjà, kì í ṣe ẹnu.

Mo mú ìpara náà jáde, mo sọ bí ó ṣe bá mi lójú jà. Ó gbà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò kí n tó lè dá a dúró. Ó ní ata ni lóòótọ́, pé wọ́n kàn ti bà á jẹ́ ni. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń pa á kí òun rí i. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin náà, Tíṣà," ó ní. "Àtẹ́lẹwọ́ fún ata, ẹ̀yìn ọwọ́ fún èèyàn. Ṣé ìyàwó yín ò kọ́ yín ni?"

Ó ní ata tó bá ti wọ àtẹ́lẹwọ́ aláta, epo àti ọṣẹ kì í mú un kúrò tán, ó di ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í kan ohun tí àwọn fẹ́ràn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń nu omi lójú ọmọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun kọ́ ọmọ òun náà, kí òun tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wọn ata.

Mo mọ ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó máa ń bí mi nínú. Ìyàwó mi kò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú mi rí, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè tí kò lọ sọ́jà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gàrí. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú lẹ́ẹ̀kan pé ó jọ pé ó ń rí mi fín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa wò ó." Mo sì wò ó títí, n kò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí Àlàájà là á yé mi láàárín àwọn àpò ata, tí ìyàwó mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́ kí n lè bẹ̀ ẹ́. Mo sọkún níwájú Àlàájà. Ó jẹ́ kí n sọkún. Ẹni tó bá ń sọkún láàárín ata gbígbẹ, kò sí ẹni tó ń bi í ní ohun tó ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti kí n tó sùn. Ó ta mí fún ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, lẹ́yìn náà ó di ooru lásán. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé, ìka mẹ́ta ti ń wọ ẹnu mi bí mo bá fi sùúrù ṣe é. Ọ̀gá iléèwé ní kí n ka ojú ìwé kan sí òun létí nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo kà á. Oríkèé náà dún lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ní kí n máa lọ sí kíláàsì. Mo tún ṣí ìtàn ọdẹ yẹn, mo rí i pé àwọn ọmọ ti ń dúró de ibi ariwo. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní kí àwọn fúnra wọn pariwo. Gbogbo kíláàsì pe ajá náà tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà ìṣirò fi wá yọjú lójú fèrèsé.

Ìborùn náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò fọ̀ ọ́, n kò sì gbé e sójú mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo padà sí kíláàsì, mo pa rédíò, mo tẹ ìpara náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, mo sì rọra gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ òsì ni ìyàwó mi máa ń sùn sí. Mo di ojú, mo dúró kí ooru náà dé. Nígbà tó dé, mo mọ̀ ọ́n dájú. Òun ni mo máa ń bá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tí mo ń pè ní ìrọ̀rí.

Ike tí wọ́n máa mọ fún eyín mi kò tíì dé. Mo la ẹnu dé ibi tó lè là dé, mo sì sọ ọ́ jáde nínú yàrá náà.

"Ẹ̀kúrọ́ yẹn ti tán, Tíṣà. Ẹ sùn."

Mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí mo máa bá jiyàn.